Ọmọ Ta Ni, Ará Ibo Ni

Wọ́n ní olófòófó ni mí. Ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè ní Tchaourou níbí, láti ìdí rélùwéè àtijọ́ tí ọkọ̀ ojú irin ò gbà kọjá mọ́ títí dé ẹ̀bá títì tó lọ sí Parakou, wọ́n á ní, "Ìyá Sìkírá? Háà! Ẹnu ìyẹn ò ní ìdérí." Ó dáa náà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2023, wọ́n gba òyìnbó Jámánì kan síṣẹ́ ní Kútọnu, wọ́n ń sanwó fún un, kí ló sì ń ṣe? Ó ń béèrè ọmọ ta ni lágbájá, ará ibo ni ìyá ẹ̀, ìlú wo ni wọ́n bí ìyá bàbá ẹ̀ sí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nídìí agbada àkàrà mi látọdúnmọ́dún nìyẹn o! Tèmi ni ò lówó oṣù.

Gernot Rohr lorúkọ ẹ̀. Mo ń bọ̀ lórí tiẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti olùkọ́ eré ìdárayá tó wá bá mi, torí òun ló fa ọ̀rọ̀ yìí.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà nítòsí wa. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ọmọ àbúrò mi wà níbẹ̀, wọ́n sì lè fi ìbínú tèmi fún un ní òdo. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn... ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ náà burú débi pé àwọn tó ń ta omi tútù lẹ́bàá pápá kì í gbé omi jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbá, torí àwọn èrò ìwòran á ti lọ sílé kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ ẹni tó bá fún un níṣu ló máa ń mú. Iṣu Tchaourou dára, ta ni ò mọ̀? Àwọn tó ń wá ra iṣu láti Kútọnu kì í ṣe òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n iṣu ò lè dí ọ̀nà tí ọmọ ìlú Tchatchou bá ti gba ẹ̀gbẹ́ òsì bọ́ síwájú ilé. Ọmọ onímọ́tò kan wà nínú ẹgbẹ́ náà, bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, á kọ́kọ́ wo bàtà ẹ̀ bóyá ó mọ́.

Ni wọ́n bá gbé ọ̀gá oníṣu lọ síbòmíràn, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti apá Natitingou lọ́hùn-ún. Ọmọ dáadáa. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó lu agogo ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù jáde wá. Àwọn ọmọ tó jáde, àwọn tí iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́ wọn nílé ni. Ìgbà kajú ni, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò! Láti oṣù kejì títí dé ìgbà tí òjò á fi mú ilẹ̀, ọmọ tó bá lẹ́sẹ̀ tó sì lẹ́yìn, inú oko kajú ló wà. Àwọn tó ṣẹ́kù sílé, wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ṣẹ́kù.

Ìmáàmù àdúgbò ló ní kó wá bá mi. Mi ò tíì mọ̀ títí dòní bóyá ìyìn ni Ìmáàmù fi yìn mí tàbí ó bú mi ni.

Ó dé ní ìdájí, ó lóṣòó níwájú agbada, ìwé pélébé lọ́wọ́, bírò lẹ́yìn etí. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Wọ́n ní kò sọ́mọ tí ẹ ò mọ̀ nílùú yìí." Mo ní, "Ọmọ mi, jókòó. Àkàrà eélòó ni kí n dì?" Ó ní òun ti jẹun. Mo ní àwọn ọmọ tí mo mọ̀ pọ̀ o, orí mi ò sì ń ṣí bọ̀rọ̀ bí mi ò bá tíì tajà. Ó ra ti igba fáráńkì. Orí mi ṣí.

Mo sọ fún un nípa ọmọ Fúlàní tó ń gbé wàrà wá láti gàá. Láàárọ̀ kùtù, igbá lórí, ó ti rìn dé ọjà kí n tó da epo sínú agbada, wàrà ò sì ní dà. Màlúù tó bá já, òun ni wọ́n ń rán tẹ̀lé e. Ẹ mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó máa lé ọmọ Tchatchou kiri, ṣé wàhálà ni? Mo sọ fún un nípa àwọn ìbejì tó ń gbé lẹ́yìn ilé olóògbé tó ni ọlọ ẹ̀rọ. Ìyẹn náà lọ́rọ̀ nínú, torí ọlọ náà, ìyàwó kejì ló gbé e lọ, àwọn ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ sì ní... Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Àwọn ìbejì yẹn, bí ọ̀kan bá ju nǹkan sókè láìwẹ̀yìn, èkejì ti mọ ibi tó máa bọ́ sí.

Olùkọ́ ń kọ, mò ń dín. Nígbà tó yá, ó ní òun ti rí ẹnìkan fúnra òun kó tó dọ́dọ̀ mi, ọmọ kan tó le bí irin, tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n láti jìnnà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó yọ ìwé ìbí ẹ̀ jáde, òǹtẹ̀ wà lára ẹ̀ lóòótọ́.

Mo ní ta ni? Ọmọ yìí? Mo ní kó ká òǹtẹ̀ ẹ̀ kó gbọ́ mi. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 2006 ni wọ́n búra fún Boni Yayi pé ó di Ààrẹ. Ọmọ Tchaourou níbí ni, ẹ sì mọ bí ìlú ṣe rí lọ́jọ́ yẹn: ẹni tó ń ṣàìsàn gan-an dìde. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń sọ ọmọ yẹn lórúkọ. Mo jẹ nínú ẹran àgbò ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ń bínú pé kò sẹ́ni tó wá síbi ìsọmọlórúkọ òun, gbogbo ayé wà nídìí ìlù Yayi, ìyẹn ni mo ṣe rí ẹran jẹ yó. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀. Yayi lo ọdún mẹ́wàá lórí oyè, ó kúrò ní 2016. Talon gorí oyè, òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún mẹ́wàá. Ọmọ yìí nìkan ni ò dàgbà! Àwọn ààrẹ ń darúgbó, òun wà ní mẹ́rìndínlógún. Mo ti rí i níwájú dígí onígbàjámọ̀ tó ń fá irùngbọ̀n.

Olùkọ́ gbórí sọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n gbá."

Mo ní àwọn ti 2018 náà mọ̀ ọ́n gbá. Àbí ẹ ti gbàgbé? Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ní wọn ò tíì kọjá ọdún mẹ́tàdínlógún, tí wọ́n kó lọ sí Niamey láti lọ du ìdíje. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan ńbẹ̀ tó ń wo egungun ọrùn ọwọ́. Ọmọ ń na ọwọ́, ẹ̀rọ ń wò ó, ẹ̀rọ ní irọ́ ni. Àwọn mẹ́wàá ni ẹ̀rọ náà tú láṣìírí. Wọ́n lé ẹgbẹ́ wa kúrò nínú ìdíje kó tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì padà délé, ọlọ́pàá kó àwọn ọmọ náà, wọ́n wẹ̀wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n gidi o, torí bọ́ọ̀lù. Owó ńlá ni ẹ̀rọ yẹn. Bẹ́ẹ̀, ká ní wọ́n bi ìyá alákàrà kan ṣoṣo léèrè ní àdúgbò ọmọ kọ̀ọ̀kan, kò ní náwó, kò ní lo iná. Kò sí ìwé ìbí tó lè purọ́ fún obìnrin tó jẹ nínú àgbò ìsọmọlórúkọ.

Olùkọ́ fa ìlà sórí orúkọ ọmọ náà. Ó sì wá sọ ọ̀rọ̀ kan, ibi tó ti ń nu epo ọwọ́ ẹ̀: ó ní ohun tí mò ń ṣe fún òun yìí gan-an ni Rohr ń ṣe fún orílẹ̀-èdè. Inú mi dùn débi pé mo fi ẹyọ méjì lé àkàrà ẹ̀. Mo ti ń kábàámọ̀ ẹ̀ kó tó dé títì.

Ó dáa. Rohr.

Ẹ ò lè lóye ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí bí ẹ ò bá mọ ibi tí ilé ti ń jò tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Bẹ̀nẹ̀, ọdún 2004 ló kọ́kọ́ dé ìdíje Ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ní Tùnísíà. Gúúsù Áfíríkà nà wọ́n, Mòrókò nà wọ́n ní 4-0, Nàìjíríà nà wọ́n ní 2-1. Wọ́n tún dé ti 2008 ní Gánà: ìgbà mẹ́ta ni wọ́n wọ pápá, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n jẹyà, Nàìjíríà tún wà lára àwọn tó nà wọ́n. Ti 2010 ní Àǹgólà, wọ́n bá Mòsáḿbíìkì ta ọ̀mì 2-2, a fò sókè, a jó. Nàìjíríà tún dé, ó gba tiẹ̀, 1-0. Ṣé kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè kó wa pọ̀ mọ́ ni? Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé Ìlọrin kì í pè mí láàárín ọdún. Bí ọmọ mi ṣàìsàn, kì í pè. Àmọ́ bí Nàìjíríà bá ti nà wá báyìí, fóònù mi á ké: "Ìyàwó wa, mo ní kí n kàn kí yín ni o. Ṣé àlàáfíà ni?"

Lẹ́yìn ti Àǹgólà yẹn, ní oṣù kejì ọdún 2010, àjọ bọ́ọ̀lù wa bínú, wọ́n tú gbogbo ẹgbẹ́ náà ká. Gbogbo ẹ̀! Wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá, Michel Dussuyer, ọmọ Faransé. Àwọn kan sọ pé àwọn ọmọ náà ò níwà, àwọn kan sọ nǹkan mìíràn tí mi ò ní sọ síbí. Ilé dá. Inú àjọ náà fúnra ẹ̀ ò tòrò, ìjà lọ́tùn-ún, ilé ẹjọ́ lósì, títí FIFA fi fòfin dè wá ní 2016 fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko la fi ń gbọ́ Ife Áfíríkà lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn.

Ta ni wọ́n wá lọ bẹ̀ ní 2018? Dussuyer kan náà. Mo ní kí ẹ fọkàn sí i, torí irú ẹ̀ tún ń bọ̀. Ó kó wọn lọ sí Íjíbítì ní 2019, wọ́n sì ṣe ohun tí mi ò rí irú ẹ̀ rí. Wọ́n bá Gánà ta ọ̀mì 2-2. Wọ́n bá Guinea-Bissau ta ọ̀mì, òdo sí òdo. Wọ́n bá Kamẹrúùnù ta ọ̀mì, òdo sí òdo. Mòrókò dé, 1-1. Ìṣẹ́jú tó kù kí eré parí, wọ́n fún Mòrókò ní pẹ́náritì, Ziyech gbá a, ó lu òpó! Mo wà lẹ́yìn ilé nígbà yẹn, mò ń gbàdúrà, ariwo ló gbé mi wọlé. Wọ́n wá gbá pẹ́náritì àṣekágbá, Bẹ̀nẹ̀ borí ní 4-1. A dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ láìborí eré kan ṣoṣo nínú pápá. Sẹ̀nẹ̀gàl ló wá fi góólù kan ṣoṣo dá wa padà sílé. Alhaji tó ni tẹlifíṣọ̀n tí a ń wò ní irú orí-ire bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ló ń ba òun.

Nígbà tó di 2022, wọ́n ní orúkọ ló ń dà wá láàmú. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ wa tẹ́lẹ̀, Écureuils. Wọ́n ní ọ̀kẹ́rẹ́ kéré jù, ẹranko tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ni. Wọ́n sọ wọ́n di Guépards, ẹranko kan tó jọ àmọ̀tẹ́kùn, tó ń sáré ju gbogbo ẹranko lọ, ó ku díẹ̀ nínú igbó Pendjari. Ó dára. Mo fọwọ́ sí i. Àmọ́ ẹ̀bìtì ò mọ orúkọ: oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Mòsáḿbíìkì fi 3-2 ti ilẹ̀kùn Ife Áfíríkà mọ́ Guépards lójú. Rohr ti wà níbẹ̀ nígbà yẹn o, kí n má baà purọ́ mọ́ ọn. Ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀ ò dùn.

Ta ni Rohr yìí gan-an? Ọmọ ọdún 69 ni nígbà tó dé. Ó ti ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá Gàbọ́ọ̀nù, ó ṣe ti Niger, ó ṣe ti Burkina Faso. Láti 2016, ọ̀dọ̀ Nàìjíríà ló wà. Òun ló kó wọn lọ sí Ife Àgbáyé ní Rọ́ṣíà ní 2018. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, Ife Áfíríkà ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Ó gbé wọn lọ sọ́dọ̀ FIFA, FIFA sì ní kí wọ́n san ohun tó lé ní 377,000 dọ́là fún un. Ẹ wò ó, obìnrin tí wọ́n da ẹrù ẹ̀ síta ní ilé kan, bí ará ilé kejì bá fẹ́ ẹ, ṣé ẹ mọ ohun tí ilé kejì fẹ́ gan-an? Obìnrin náà mọ ibi tí ilé àkọ́kọ́ ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sí. Ó mọ ta ló ń sùn pẹ́, ta ló ń bínú sí ta, ìkòkò wo ló ti ya. Bẹ́ẹ̀ ni Bẹ̀nẹ̀ ṣe gba Rohr sílé.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2024, eré láti lọ sí Ife Àgbáyé, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Àwa la gbàlejò, ṣùgbọ́n Àbíjàn la ti gbà wọ́n, torí wọ́n ní pápá wa ní Kútọnu kò pójú ìwọ̀n. Onyedika jẹ góólù fún Nàìjíríà. Iná lọ. Alhaji ní òun ò ní tan jẹnẹrétọ̀ fún ìyà, kí oníkálukú máa lọ sílé ẹ̀. A jókòó sínú ilé tó ti ń ṣókùnkùn, a ń bú gbogbo ẹni tó ṣeé bú. Nígbà tí iná máa dé, ohun tí a rí lójú tẹlifíṣọ̀n ni 2-1. A rò pé Nàìjíríà ló jẹ méjì. Ọmọ kan tó lè kàwé ló kígbe: Bẹ̀nẹ̀ ni! Jodel Dossou ti jẹ ọ̀kan, Steve Mounié ti jẹ ìkejì, ọmọ Parakou wa! Bí wọ́n ṣe parí báyìí, mo gbé fóònù, mo pe àbúrò ọkọ mi ní Ìlọrin, mo ní kí n kàn kí i ni. Wọ́n ní nọ́ńbà náà ò sí lórí afẹ́fẹ́.

Ọ̀rọ̀ Mounié yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, torí òun ni ìdí ẹjọ́. Parakou ni wọ́n bí i sí, ní 1994. Ó kéré gan-an nígbà tí wọ́n mú un lọ sí Faransé, ibẹ̀ ló dàgbà sí, Montpellier ló ti kọ́ṣẹ́. Ní 2017, Huddersfield rà á lọ sí Ìlú Ọba, eré àkọ́kọ́ tó gbá nínú líìgì wọn, ó jẹ góólù méjì sínú ilé Crystal Palace. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Parakou ló bí i. Mo mọ obìnrin mẹ́ta tó ní àwọn gbé e pọ̀n, ọ̀kan nínú wọn ò sì tíì dé Parakou nígbà yẹn, Bẹ̀mbẹ̀rẹ̀kẹ̀ ló ṣì ń gbé. Rohr kọ́ ló kọ́kọ́ pe Mounié o, ó ti ń gbá fún wa ṣáájú kó tó dé. Àmọ́ ọ̀nà tí Mounié gbà wálé, ọ̀nà náà ni ọkùnrin yẹn là gbòòrò.

Òfin FIFA ló gbà á láyè. Bí wọ́n bá bí bàbá ẹni tàbí ìyá ẹni, tàbí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà, sí orílẹ̀-èdè kan, tí ẹni náà sì ní ìwé ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀, ó lè gbá fún wọn. Ní 2020, wọ́n tún tú u díẹ̀ sí i: ẹni tó ti gbá eré ìdíje fún orílẹ̀-èdè kan, bí kò bá ju mẹ́ta lọ, tó jẹ́ kó tó pé ọmọ ọdún 21 ni, tó sì ti pé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó lè yí padà, àfi bó bá ti gbá nínú Ife Àgbáyé tàbí ìdíje ńlá ilẹ̀ wọn. Olùkọ́ ló là á yé mi, mo ní kó tún un sọ, mo sì há a sórí. Torí kí ni gbogbo ẹ̀ já sí? Ọmọ ta ni? Ta ni ìyá ìyá ẹ̀? Ọdún wo ló kúrò ńlé? Ẹni tí kì í bá béèrè ọ̀rọ̀ ilé onílé, kò lè kó ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù jọ láyé ìsinsìnyí. Olivier Verdon tó ń sọ́ ẹ̀yìn wa, Faransé ni wọ́n bí i sí. Yohan Roche, Faransé. Tosin Aiyegun ńkọ́? Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1998! Ẹ gbọ́ orúkọ náà fúnra yín. Nàìjíríà bí i, Bẹ̀nẹ̀ ń jẹun ẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá ọdún 2025, ní Kigali, òun ló jẹ góólù kan ṣoṣo tí a fi na Rùwáńdà, tí a fi wà lókè téńté nínú ìsọ̀rí wa, tó ku eré kan péré kí a dé Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà.

Rùwáńdà yìí náà, mo ní ọ̀rọ̀ nípa wọn. Ní 2023, a bá wọn ta ọ̀mì 1-1 nílé wọn, àfi bí àwọn ará wa ṣe rí i pé wọ́n lo ọmọ kan tó ti gba káàdì aláwọ̀ ìyèyè méjì, tó yẹ kó jókòó sílé. Wọ́n mú ẹjọ́ lọ, CAF sọ ọ̀mì di 3-0 fún wa. Gúúsù Áfíríkà náà, ní 2025, FIFA yọ àmì mẹ́ta lọ́wọ́ wọn torí irú ọ̀rọ̀ káàdì bẹ́ẹ̀. Ta ló ń ka káàdì ọmọ ọlọ́mọ? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹni tí kì í gbójú kúrò lára ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni. Kí ẹ wá máa bú wa.

Uyo, lọ́dọ̀ Nàìjíríà, ni eré tó kù. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá. Kí n sọ ọ́ kíákíá: Osimhen jẹ ọ̀kan kí n tó fìdí lélẹ̀, ó jẹ ìkejì, ó jẹ ìkẹta, ẹlòmíràn fi ìkẹrin sí i. 4-0. Gúúsù Áfíríkà ní àmì 18, wọ́n lọ. Nàìjíríà ní 17, àwa náà ní 17, góólù tí wọ́n fi ju wa ló gbé wọn síwájú. Obìnrin mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ilé àkọ́kọ́ ti pààrọ̀ àgádágodo. Àbúrò ọkọ mi pè kí wọ́n tó fọn fèrè ìparí.

Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí o. Oṣù kejìlá ọdún kan náà, Ife Áfíríkà ní Mòrókò. Kóńgò nà wá ní 1-0, ara wa balẹ̀, a ti mọ̀ ọ́n. Ó di ọjọ́ 27, àwa àti Bòtswánà, Roche jẹ góólù kan, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi fọn fèrè. Láti 2004, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Bẹ̀nẹ̀ máa borí eré nínú Ife Áfíríkà! Mo ti bímọ, mo ti ní ọmọ-ọmọ láàárín ẹ̀. Alhaji sunkún. Ó ní eruku ló kó sí òun lójú, oṣù ọyẹ́ ni. Sẹ̀nẹ̀gàl wá fi 3-0 fọ wá lójú, síbẹ̀ a kọjá, ó fi di ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní tí Íjíbítì nà wá ní 3-1, pẹ̀lú àfikún àkókò. Salah ló jẹ ìkẹta. Kò sẹ́ni tó bínú púpọ̀. Ẹni tó bá na Íjíbítì kó wá sọ fún mi bó ṣe ṣe é.

Mo ti ń lọ jù. Ọ̀rọ̀ àwọn bàbá ló kù.

Ẹ rántí pé olùkọ́ ti gba orúkọ. Orúkọ nínú ìwé ò sì gbá bọ́ọ̀lù. Ìjọba ti dá kíláàsì eré ìdárayá sílẹ̀ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, tí ọmọ á fi máa kàwé, á fi máa gbá bọ́ọ̀lù, ìyẹn dára. Àmọ́ ìjọba ò lè bá bàbá ọmọ sọ̀rọ̀ ní ìgbà kajú. Olùkọ́ lọ bẹ̀ wọ́n nílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún un lómi mu, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n ní rárá. Ó sọ fún wọn nípa Buffles ti Parakou tó gba líìgì orílẹ̀-èdè ní 2014, tó tún gbà á ní 2017, pé ọmọ wọn lè débẹ̀. Bàbá ìbejì ní, "Ṣé Buffles á wá bá mi ṣa kajú?" Olùkọ́ padà wá sídìí agbada, ojú ẹ̀ ti rẹ̀.

Mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi.

Mi ò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ gbọ́. Mo kàn lọ kí bàbá ìbejì ni, nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú àkàrà tó ṣẹ́kù. Ìyàwó ẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ó ń gúnyán, mo ń gbọ́ ọmọ odó. A sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ra kajú lọ́dún yìí. Mo wá ní, ohùn mi ò lọ sókè rárá, "Àwọn ará ilé yín ní Kika ńkọ́? Mo gbọ́ pé ọmọ náà ti ń rìn." Ọmọ odó dákẹ́ lẹ́yìn ilé. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀kùn, ó wo ojú mi. Ọmọ odó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Sìkírá, mo ti ń rò ó. Àwọn ọmọ yìí lè máa lọ ní Ọjọ́rú àti Sátidé." Mo ní ọ̀dọ́ nílò Ọjọ́ Ẹtì náà. Ó ní kí wọ́n máa lọ ní Ọjọ́ Ẹtì náà.

Bí mo ṣe kí àwọn bàbá yòókù nìyẹn. Ẹni tó jẹ gbèsè, mo bi í bí ẹni tó yá a lówó ṣe ń ṣe sí. Ẹni tó ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀ nìkan, mo bi í bí ilẹ̀ ṣe wà. Ti ọmọ Fúlàní nìkan ló ṣòro, torí bàbá ẹ̀ ò ní àṣírí kankan. Ọkùnrin yẹn mọ́ débi pé ó ń bí mi nínú. Olùkọ́ ló fúnra ẹ̀ lọ sí gàá, ó lo ọjọ́ kan gbáko níbẹ̀ pẹ̀lú màlúù, kí wọ́n tó gbà fún un.

Wọ́n ti gbá eré kan báyìí, pẹ̀lú àwọn ọmọ Tchatchou. 4-3 ni wọ́n fi nà wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Góólù mẹ́ta la jẹ, ẹgbẹ́ tí kò jẹ góólù kan lódindi ọdún tó kọjá. Àwọn olómi tútù tà á tán. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì jẹ méjì, ọmọ Fúlàní sì lé ọmọ tí wọ́n ń bẹ̀rù ní Tchatchou títí ìyẹn fi sọ pé inú ń run òun, ó jáde. Ìṣòro ibẹ̀ ni aṣọ́lé. Ọmọ tó wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù tó bá ń bọ̀, á di ojú.

Olùkọ́ ti tún wá. Àárọ̀ àná ni. Ó ra ti irinwó fáráńkì, ó bi mí bóyá mo mọ ọmọ kan tó ga, tí ọwọ́ ẹ̀ gùn, tí kì í bẹ̀rù. Mo sì mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà wà, ilé kẹta sí tiwa, máńgòrò tí ẹlòmíràn ń fi ọ̀pá ká, ọwọ́ lòún fi ń já a, bí o bá ju òkúta lù ú, á hán an, á jù ú padà. Àmọ́ ìyá ẹ̀ yá ọmọ odó mi ṣáájú ọdún Iléyá, ọmọ odó igi emi tí ìyá mi fún mi, ó sì ń sọ kiri àdúgbò pé tòun ni.

Mo sọ fún olùkọ́ pé mò ń rò ó. Kí ìyá ọmọ náà kọ́kọ́ wá dá ọmọ odó mi padà.